Ọba Wenceslas Tí À Ń Kọrin Rẹ̀ ní Kérésìmesì: Ta ni, Kí ni Ó sì Ṣẹlẹ̀ sí Ọmọ Tí Ó Tẹ̀ Lé E?

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣèlú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó oṣù àwọn tíṣà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mo lè sọ ti èyí títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ọ̀rọ̀ orin ni. Ọmọdé kan bi mí ní ìbéèrè nípa orin Kérésìmesì kan, mo parọ́ fún un, irọ́ náà kò sì jẹ́ kí n sùn.

Tíṣà ni mí ní ilé-ìwé kan ní Abẹ́òkúta. Ní Ọ̀ṣíẹ̀lẹ̀ ni mo ti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, ẹ̀kọ́ ìtàn ni mo sì yàn láàyò níbẹ̀. Nítorí pé mo lè tẹ dùùrù díẹ̀, èmi ni wọ́n fi ṣe olórí ẹgbẹ́ akọrin. Bí oṣù Kọkànlá bá ti ń parí lọ, tí ọyẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ tí ènìyàn kò fi lè rí orí Olúmọ dáadáa ní àárọ̀, a ó bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò. Ní ọdún tí mò ń wí yìí, orin mẹ́sàn-án ni mo yàn, ọ̀kan nínú wọn sì ni èyí tí àwọn Òyìnbó ń pè ní "Good King Wenceslas". Àwọn ọmọ wa kò lè pe orúkọ náà. Wẹ́ńsẹ́sì ni wọ́n sọ ọ́ dà, mo sì fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Fún àǹfààní ẹni tí kò bá mọ orin náà, ìtàn inú rẹ̀ nìyí. Ní alẹ́ ọjọ́ Stefánù Mímọ́, tí í ṣe ọjọ́ kejì Kérésìmesì, ọba kan yọjú síta láti ààfin rẹ̀. Òjò dídì ti bo ilẹ̀, òṣùpá mọ́lẹ̀, ọba sì rí tálákà kan tí ń ṣa igi ìdáná. Ó bi ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ pé ta ni ọkùnrin náà, níbo ni ilé rẹ̀ wà. Ọmọ náà dáhùn pé ilé rẹ̀ jìnnà, lẹ́bàá òkè, létí igbó. Ni ọba bá ní kí ó gbé ẹran, kí ó gbé wáìnì, kí ó gbé igi ìdáná, kí àwọn méjèèjì gbé e lọ fún un. Wọ́n rìn títí, òtútù mú ọmọ náà, ó ní òun kò lè lọ mọ́. Ọba ní kí ó máa fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sí ojú ẹsẹ̀ òun. Ó ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì rí i pé ilẹ̀ gbóná níbi gbogbo tí ọba ti tẹ̀.

Ènìyàn méjì ni ó ń dá orin náà kọ, ẹni tí ń ṣe ọba àti ẹni tí ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Ọmọ tí mo fi ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, ohùn rẹ̀ mọ́ bí agogo. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ni ó ń gbé. Láti abúlé kan ni wọ́n ti mú un wá sọ́dọ̀ ìyá àgbà kan tí ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, kí ó lè rí ilé-ìwé lọ. Ní àràárọ̀ kí ó tó wá sí kíláàsì, òun ni ó ń ru ẹrù àdìrẹ tẹ̀ lé ìyá náà lọ sọ́jà. Mo mọ̀ pé ìyá náà kì í fi ìyà jẹ ẹ́, ó ń bọ́ ọ, ó sì ń rán aṣọ fún un. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ń tẹ̀ lé ènìyàn lẹ́yìn ní àràárọ̀ ni, mo sì gbàgbé èyí nígbà tí mo ń pín ipa orin fún wọn.

Bí a ti parí ìdánrawò lọ́jọ́ kan, ó nàka. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, kí ni orúkọ ọmọ ọ̀dọ̀ ọba náà? Nígbà tí wọ́n padà délé ńkọ́, sà, kí ni ọba fún un?"

N kò mọ̀. Tíṣà tí kò bá mọ nǹkan, tí àwọn ọmọ sì ń wò ó lójú, ẹ mọ ohun tí í máa ń ṣe é. Mo ní, "Ọba fi í joyè, ó kọ́lé fún un, ó sì di ènìyàn ńlá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì." Ẹ wo bí inú ọmọ náà ti dùn tó! Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní "Olóyè" lójú ẹsẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìtàn ọba yìí kiri, nínú ìwé àti lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé kò sí ọ̀rọ̀ kan tí ó jẹ́ òtítọ́ nínú gbogbo ohun tí mo sọ.

Wenceslas kì í ṣe ọba inú àlọ́. Ó gbé ayé rí. Václav ni orúkọ tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ń pè é, àwọn tí ń fi èdè Látìn kọ̀wé ni wọ́n yí i padà. Ilẹ̀ Bohemia ni ó ti ṣàkóso, ní àárín gbùngbùn Yúróòpù, tí ó wà nínú orílẹ̀-èdè Ṣẹ́ẹ̀kì lónìí, Prague sì ni olú-ìlú rẹ̀. Kò kan ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rárá. Nǹkan bí ọdún 907 ni wọ́n bí i, èyí tí ó ju 900 ọdún lọ kí àwọn baba wa tó tẹ Abẹ́òkúta dó ní 1830.

Bákan náà, kì í ṣe ọba aládé. Duke ni àwọn Òyìnbó ń pe oyè tí ó jẹ: olórí tí ó ni ilẹ̀, tí ó ní ọmọ ogun, ṣùgbọ́n tí kò ní adé. Ẹni tí ó kọ́kọ́ dé adé ọba ní Bohemia ni Vratislav Kejì, ní 1085, nígbà tí Wenceslas ti wà nínú ibojì fún àádọ́jọ ọdún.

Nígbà tí mo ń sọ èyí nínú yàrá àwọn tíṣà, bàbá kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, tí ó kù díẹ̀ kí ó fẹ̀yìn tì, já lu ọ̀rọ̀ mi. Ó ní, "Tíṣà, èwo ni ti Wẹ́ńsẹ́sì? Ṣé Ṣódẹkẹ́ kò tó ẹni tí à ń kọrin sí ni?"

Mo ní, "Bàbá, ẹ ṣeun, nítorí pé ẹ ti ràn mí lọ́wọ́." Ta ni nínú àwa Ẹ̀gbá tí kò mọ Ṣódẹkẹ́? Òun ni ó ṣáájú àwọn baba wa dé abẹ́ Olúmọ ní 1830. Òun ni ó gba àwọn Sàró tọwọ́tẹsẹ̀ nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀ wá sílé láti ibi tí wọ́n kó wọn lẹ́rú lọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1842 ó gba Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní àlejò, ní oṣù Kìíní ọdún 1843 ó sì gba Henry Townsend. Gbogbo Ẹ̀gbá ń wo ojú rẹ̀, síbẹ̀ kò jọba. Oyè ogun ni ó jẹ. Ó kú ní 1845, ó sì di ọdún 1854 kí Abẹ́òkúta tó fi Okukẹ́nù jẹ Aláké. Mo sì ti gbọ́ létí ara mi tí àwọn kan ń sọ fún ọmọdé pé Ọba Ṣódẹkẹ́ onígbàgbọ́ ni ó gba àwọn míṣọ́nnárì. Kì í ṣe ọba, kò sì ṣe ìrìbọmi. Kí Townsend àti Crowther tó wá fìdí kalẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1846 ni ó ti kú. Bí a bá fẹ́ràn ènìyàn tán, a máa ń gbé adé lé e lórí lẹ́yìn ikú rẹ̀, a sì tún máa ń wọ́n omi ìrìbọmi sí i. Bí àwọn ará Bohemia ti ṣe nìyẹn, bí àwa náà ti ń ṣe nìyẹn.

Onígbàgbọ́ ni Wenceslas ní tirẹ̀, kò sí iyèméjì níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀sìn náà ṣì jẹ́ tuntun ní ilẹ̀ wọn. Bàbá bàbá rẹ̀, Bořivoj, àti ìyàwó rẹ̀ Ludmila ni wọ́n kọ́kọ́ gbà á nínú ìdílé náà. Wọ́n ní Methodius ni ó ṣe ìrìbọmi fún Bořivoj. Methodius yìí àti àbúrò rẹ̀ Cyril ṣe irú iṣẹ́ tí Àjàyí Crowther ṣe fún wa: wọ́n wá lẹ́tà tí a lè fi kọ èdè àwọn Slav, wọ́n sì túmọ̀ ọ̀rọ̀ Bíbélì sí èdè náà. Ludmila ìyá àgbà ni ó tọ́ Wenceslas dàgbà. Lẹ́yìn náà wọ́n rán an lọ sí ìlú Budeč láti kọ́ èdè Látìn. Ní ayé tí ọ̀pọ̀ olórí kò lè kọ orúkọ ara wọn, ọmọ yìí mọ ìwé kà ní èdè méjì.

Ní 921 Vratislav bàbá rẹ̀ kú. Wenceslas kò ju ọmọ ọdún mẹ́tàlá tàbí mẹ́rìnlá lọ nígbà náà, nítorí náà ìyá rẹ̀, Drahomíra, ni ó dì í mú fún un. Ìjà sì dé láàárín ìyá ọmọ àti ìyá bàbá rẹ̀. Ta ni yóò tọ́ ọmọ náà, ta ni yóò pàṣẹ nílùú? Ludmila sá kúrò ní Prague lọ sí ilé olódi kan tí wọ́n ń pè ní Tetín. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà gan-an, àwọn ọkùnrin méjì tí Drahomíra rán wọ ilé náà lóru, wọ́n sì fún ìyá àgbà náà lọ́rùn pa. Àwọn tí ó kọ ìtàn rẹ̀ wí pé ìbòrí rẹ̀ ni wọ́n fi fún un.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró rò ó wò. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ìyá rẹ̀ ni ó ní kí a pa ìyá àgbà tí ó tọ́ ọ. Nígbà tí ó gba ìjọba ní ọwọ́ ara rẹ̀, ó lé ìyá rẹ̀ jáde nílùú, ṣùgbọ́n lẹ́yìn náà ó ní kí ó padà wálé. Ó sì gbé òkú Ludmila wá sí Prague, ó sin ín tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. Gbogbo èyí kò sí nínú orin tí à ń kọ.

Kí ni ó wá ṣe tí ó fi di ẹni orin? Àwọn àlùfáà tí ó kọ̀wé nípa rẹ̀ wí pé ó ń ra ẹrú sílẹ̀ lómìnira, pé ó kórìíra kí a máa yẹgi fún ènìyàn, pé ó ń bọ́ òtòṣì. Cosmas, àlùfáà Prague tí ó kọ ìtàn ilẹ̀ náà ní nǹkan bí igba ọdún lẹ́yìn rẹ̀, wí pé ó máa ń dìde lórí ibùsùn rẹ̀ lóru, láìwọ bàtà, òun àti ìránṣẹ́ kan ṣoṣo, tí wọn yóò máa lọ láti ilé Ọlọ́run kan dé èkejì, tí yóò sì máa ta àwọn opó, ọmọ aláìníbaba àti ẹlẹ́wọ̀n lọ́rẹ. Ibí yìí ni gbòǹgbò orin náà wà: olórí kan, ìránṣẹ́ kan, òru, àti ẹsẹ̀ lásán. Àlùfáà tí ń yin ẹni mímọ́ a máa fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ díẹ̀, a mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í ṣàdédé di ẹni tí àwọn tálákà ń sunkún rẹ̀.

Àwọn ìjòyè ní tiwọn kò sunkún. Ní 929, Ọba Henry ti Jámánì kó ogun wá bá Prague. Wenceslas rò ó, ó rí i pé òun kò ní lè ṣẹ́gun, ó sì gbà láti máa san ìṣákọ́lẹ̀. Cosmas kọ ọ́ pé 500 ìwọ̀n fàdákà àti 120 màlúù ni ilẹ̀ náà ń san lọ́dọọdún. Àwọn kan ní ọgbọ́n ni ó fi gba ìlú là. Àwọn mìíràn ní ojo ni. Èmi tí mo ti ka ohun tí ogun ṣe fún àwọn abúlé Ẹ̀gbá kí wọ́n tó di ahoro, n kò lè pè é ní ojo. Ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀, Boleslav, wà lára àwọn tí inú wọn kò dùn, ó sì tún ní ìdí tirẹ̀. Àbúrò ni, kò sì sí ibi tí yóò gbà dé orí oyè níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá wà láàyè.

Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Boleslav ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sí ibi àsè ní ilé olódi rẹ̀. Ìlú náà wà títí dòní, Stará Boleslav ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n jẹ, wọ́n mu. A gbọ́ pé àwọn kan ta Wenceslas lólobó lóru náà pé kí ó gun ẹṣin rẹ̀ kí ó máa lọ, ó sì kọ̀. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án, bí ó ti ń lọ sí ilé Ọlọ́run fún àdúrà òwúrọ̀, ó pàdé Boleslav lójú ọ̀nà. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún àsè àná. Boleslav fa idà yọ, ó ṣá a lórí. Wenceslas lágbára jù ú lọ, ó gba idà náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e ṣubú, ṣùgbọ́n kò pa á. Boleslav kígbe, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì sáré dé. Wenceslas sá lọ sí ẹnu ọ̀nà ilé Ọlọ́run, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn. Ibẹ̀ ni wọ́n pa á sí. Ọdún 935 ni ọ̀pọ̀ òpìtàn gbà pé èyí ṣẹlẹ̀, àwọn mìíràn ní 929. Nínú ilé ìjọsìn ńlá Vitus Mímọ́ ní Prague, òrùka kan wà lára ilẹ̀kùn yàrá ìsìnkú rẹ̀, tí wọ́n ní òun ni ó dì mú nígbà tí ó ń kú lọ.

Cosmas tún sọ ohun kan tí àwa Yorùbá yóò gbọ́ dáadáa, nítorí pé a mọ ohun tí orúkọ àbísọ jẹ́. Ó ní ọjọ́ náà gan-an ni ìyàwó Boleslav bí ọmọkùnrin kan, wọ́n sì sọ ọ́ ní Strachkvas, èyí tí ó túmọ̀ sí "àsè ẹlẹ́rù". Ìgbàkígbà tí bàbá bá pe ọmọ rẹ̀ kí ó wá jẹun, yóò máa pe ohun tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Wọ́n ní ó jẹ́jẹ̀ẹ́ láti fi ọmọ náà fún Ọlọ́run, ọmọ náà sì di mọ́ńkì.

Ìwọ òǹkàwé yóò máa retí pé kí n sọ fún ọ bí Ọlọ́run ti fìyà jẹ Boleslav. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó pẹ́ lórí oyè, ó ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Ó bá Jámánì jà fún ọdún mẹ́rìnlá, ní 950 ó sì gbà láti máa sìn wọ́n gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ṣe. Kí ni a wá pa ẹ̀gbọ́n sí? Ó na ilẹ̀ Bohemia gbòòrò, ó rọ owó fàdákà. Kò lé ẹ̀sìn Kristẹni jáde pẹ̀lú. Dubravka ọmọbìnrin rẹ̀ ni ó fẹ́ Mieszko olórí ilẹ̀ Poland ní 965, ìyẹn náà sì ṣe ìrìbọmi ní 966. Boleslav fúnra rẹ̀ ni ó ní kí wọ́n gbé òkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá sí Prague. Bóyá ìrònúpìwàdà ni, bóyá ọgbọ́n ìjọba ni. Nígbà tí gbogbo ìlú ti ń wí pé ẹni mímọ́ ni òkú náà, ó sàn kí ó wà nítòsí ẹni tí ń jọba ju kí ó wà ní ọ̀nà jíjìn lọ.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ìbéèrè ọmọ náà. Orúkọ ìránṣẹ́ tí ó ń tẹ̀ lé Wenceslas lóru ni Podiven. Ìwé ìtàn ẹni mímọ́ náà dárúkọ rẹ̀, wọ́n sì ní kò ní ẹlòmíràn tí ó sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n pa ọ̀gá rẹ̀, wọ́n ń ṣọdẹ gbogbo àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ kiri Prague. Podiven sá lọ sí Jámánì. Ó pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀, ara rẹ̀ kò gbà á, ó padà wá. Ó wá ọ̀kan nínú àwọn olórí ọ̀tẹ̀ náà lọ sí ilé rẹ̀, ó sì pa á. Àwọn ènìyàn Boleslav lé e bá, wọ́n so ó rọ̀ títí ó fi kú. Ìwé náà wí pé ọdún méjì ni òkú rẹ̀ fi wà lórí igi kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sin ín. Nígbẹ̀yìn wọ́n gbé e lọ sin sí Prague, nítòsí ọ̀gá rẹ̀.

Ọmọ tí mo ní wọ́n fi joyè ni wọ́n so rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí ó kọ ọ̀rọ̀ orin náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì kò dárúkọ Podiven níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí inú fi ń bí mi sí i díẹ̀. John Mason Neale ni orúkọ rẹ̀, àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ni, a bí i ní 1818. Ara rẹ̀ kò le, ìjọ rẹ̀ kò sì fún un ní ipò gidi. Ní 1846, ọdún náà gan-an tí Townsend àti Crowther wọ Abẹ́òkúta, wọ́n fi í ṣe olùtọ́jú Sackville College ní East Grinstead. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà tàn yín, kì í ṣe kọ́lẹ́ẹ̀jì bí irú èyí tí mo lọ. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó aláìní ni, ibẹ̀ ni ó sì wà títí ó fi kú ní 1866. Ọkùnrin tí ó ń jí lójoojúmọ́ láàárín àwọn òtòṣì arúgbó ni ó kọ orin nípa ọba tí ó ru igi ìdáná lọ fún òtòṣì. Nígbà tí mo ka èyí, ìbínú mi rọlẹ̀.

Ohùn orin náà kì í ṣe tirẹ̀. Ẹnì kan fún un ní ìwé orin àtijọ́ kan, Piae Cantiones, tí wọ́n tẹ̀ ní 1582, tí ó kún fún orin tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń kọ ní ilẹ̀ Finland. Orin ìgbà ìrúwé, ìgbà tí òdòdó ń tanná, ni wọ́n ń fi ohùn yìí kọ. Neale yọ òdòdó kúrò, ó fi òjò dídì sí i, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1853. N kò rí òtòṣì ẹ̀bá òkè yẹn, tàbí òru ọjọ́ Stefánù yẹn, nínú àwọn ìwé àtijọ́. Àwọn kan kò fẹ́ràn orin náà, wọ́n ní kò sọ̀rọ̀ ìbí Jésù rárá, òótọ́ sì ni. Síbẹ̀ òun ni ó jẹ́ kí ọmọ Ìtòkú mọ̀ pé Bohemia wà. Ní ilẹ̀ wọn lọ́hùn-ún, ère Wenceslas lórí ẹṣin wà ní gbàgede ńlá tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè ní Prague. Ibẹ̀ ni ogunlọ́gọ̀ ènìyàn kóra jọ sí ní oṣù Kọkànlá ọdún 1989 nígbà tí ìjọba Kọ́múníìsì wó lulẹ̀. Láti ọdún 2000 sì ni ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ti jẹ́ ọjọ́ ìsinmi gbogbo orílẹ̀-èdè náà.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi rò ó bóyá kí n dákẹ́. Bí mo bá dákẹ́, ta ni yóò mọ̀? Ọmọ náà yóò kọrin, yóò gbàgbé. Ṣùgbọ́n ní àràárọ̀ ni mò ń rí i tí ó ń bọ̀ láti Ìtòkú, tí àmì òṣùká ṣì wà lórí rẹ̀. Ẹni tí ó tó àgbà, tí ó parọ́ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nípa ohun tí ń dúró de ọmọ ọ̀dọ̀ láyé, kò yẹ kí ó máa pe ara rẹ̀ ní olùkọ́ ìtàn.

Nígbà tí a tún péjọ, mo ní kí gbogbo wọn jókòó. Mo sọ ọ́ bí mo ti sọ ọ́ fún yín yìí, àfi ti ìbòrí Ludmila tí mo fò. Mo ní mo parọ́ lọ́jọ́sí, kí wọ́n má bínú sí mi. Àwọn ọmọ kò gbọ́ irú rẹ̀ rí lẹ́nu tíṣà, wọ́n ń wo ara wọn. Ọmọ tèmi kò wí nǹkan kan títí àwọn yòókù fi ń kó ìwé wọn. Ó wá dúró tì mí.

Ó ní, "Sà, nígbà tí ó sá dé Jámánì, kò sí ẹni tí ó lè mú un mọ́, àbí?"

Mo ní, "Kò sí."

"Ó sì padà wá."

"Ó padà wá."

Ó rò ó díẹ̀. Ó ní, "Nígbà náà, sà, kò dára bí orin náà kò ti dárúkọ rẹ̀."

N kò rí èsì fún un. Mo bi í bóyá ó ṣì fẹ́ kọ ipa náà tàbí kí n fún ẹlòmíràn. Ó wò mí bí ẹni pé orí mi dàrú. Ó ní, "Háà! Èmi ni mo máa kọ ọ́, sà."

Ní ọjọ́ tí a kọrin náà, ilé kún. Kí n tó tẹ dùùrù, ọmọ náà bọ́ síwájú gẹ́gẹ́ bí a ti jọ ṣe àdéhùn, ó sì fi èdè Yorùbá sọ pé orúkọ ọmọ tí ó tẹ̀ lé ọba nínú orin yìí ni Podiven, pé ó gbé ayé ní tòótọ́, àti pé ó padà wá nítorí ọ̀gá rẹ̀. Ó padà sí àyè rẹ̀. Ó kọ orin náà dáadáa. Ẹni tí ń ṣe ọba ni ó ṣi ohùn gbé.

Lẹ́yìn ìsìn, ìyá aládìrẹ náà wá bá mi. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i. Ó ní, "Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ta ni Pódífẹ́ẹ̀nì tí ọmọ yìí ń dárúkọ láti ìjẹta? Ó ti fi sọ ọmọ ajá tí mo rà wálé. Gbogbo àdúgbò ni ó ń pè é báyìí, ẹnu àwọn oníbàárà mi kò sì gbà á."

Mo ní, "Ìyá, ìtàn rẹ̀ gùn o."

Ó fa bẹ́ǹṣì kan, ó jókòó. Ó ní, "Ó dáa, ẹ máa sọ ọ́."